Ọdún Tí Ọkọ̀ Ojú Omi Wọ Ilé Wa ní Bódìjà

Ìró méjì ló máa ń jí mi láràárọ̀ nílé wa ní Bódìjà. Àkọ́kọ́ ni ìró ìgbálẹ̀ Màámi lórí ilẹ̀ àgbàlá, ṣàà, ṣàà, láti ìdí igi máńgòrò títí dé ẹnu géètì. Ìkejì ni ìró ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ní fàráńdà, nítorí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n ti rán díẹ̀ kí oòrùn tó mú. Aránṣọ ni Màámi. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, ohùn wọn sì máa ń dé ilé kejì. Bàámi ní tiwọn jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, láti ìlú tó wà létí omi. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe, ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi nìkan ni ọmọ tó wà láàárín wọn. Màmá Ṣadé ni gbogbo àdúgbò ń pe Màámi, Bàbá Ṣadé ni wọ́n ń pe Bàámi, èmi sì ni Ṣadé ọ̀hún. Mo máa ń gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹni tó ń kiri búrẹ́dì, lẹ́nu àwọn oníbàárà tó ń gbé aṣọ wá láti Baṣọ̀run àti Ṣàngó, àti lẹ́nu Alhájà tí a jọ pín ògiri, tó máa ń na ọrùn kọjá ògiri náà láti tọrọ iyọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pè é tó báyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé èmi ni mo bí àwọn òbí mi.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, a ti sin ìyá Bàámi nílùú wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Bàámi nìkan padà lọ síbẹ̀ láti parí ohun tó kù nípa ogún. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé. Mo ń ṣa ẹ̀wà nínú igbá lórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo bọ̀ láti ìkóríta. Mo sáré sí géètì. Píkọ́ọ̀pù kan ló ń rọra yà sí òpópónà wa, kẹ̀kẹ́ onítáyà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì wà lórí kẹ̀kẹ́ náà. Ọkọ̀ funfun ni, onílà búlúù, ó gùn ju yàrá mi lọ. Ẹ́ńjìnnì ń bẹ nínú ikùn rẹ̀ lẹ́yìn, ohun kan sì yọ jáde ní ìdí rẹ̀ bí ẹsẹ̀, tí fáànù onírin wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Ogún ẹ̀gbọ́n Bàámi ni, èyí tó kú ṣáájú ìyá wọn. Kò sí ẹni tó rí irú ẹ̀ rí ní òpópónà wa, nítorí omi tó sún mọ́ wa jù ni omi inú gọ́tà. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn iwájú píkọ́ọ̀pù ṣí, tí ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tí èmi máa ń jókòó sí tí Bàámi bá ń gbé mi jáde. Ó gbé báàgì kan dání. Ó ga jù mí lọ, ó dúdú, iwájú orí rẹ̀ sì yọ síta díẹ̀, gẹ́lẹ́ bíi ti Bàámi.

Mo dá a mọ̀. Òun ló bu ẹja fún mi níbi ìsìnkú ìyá àgbà, mo sì rò pé ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹbí lásán ni. Bàámi gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ṣadé, wá kí ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n tìẹ. Jùmọ̀kẹ́ ni orúkọ ẹ̀. Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ ni wàá máa pè é."

Mo yíjú wo Màámi. Wọ́n dúró ní fàráńdà pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, wọ́n ká ọwọ́ lé àyà. Ojú wọn kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tuntun sí wọn. "Ẹ káàbọ̀," ni wọ́n wí, n kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń kí nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí a wọ ilé ìdáná, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láì wo ojú mi, bí ẹni ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀: "Bàbá ẹ ti bí i kó tó mọ̀ mí. Ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ, ìyá tó bí i ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ó ti bá ọkọ lọ sí Wárì. Ìyá àgbà ò sí mọ́. Níbo ni wọ́n fẹ́ kó lọ?" Lẹ́yìn náà, wọ́n da ata sínú epo gbígbóná, ó sì ta débi pé àwa méjèèjì ń nu ojú.

Bí mo ṣe pàdánù ipò àkọ́bí nìyẹn, láàárín ìgbà tí ẹ̀wà ṣì wà nínú igbá. Ẹni tí kì í bá ṣe Yorùbá lè má mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó túmọ̀ sí pé bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe é bó ṣe tọ́, Bàámi kì í ṣe Bàbá Ṣadé mọ́. Ó túmọ̀ sí pé èmi, tí gbogbo ilé ń forúkọ mi jẹ́, gbọ́dọ̀ máa kúnlẹ̀ kí ọmọ tó dé lánàá, kí n sì máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Mi ò ṣe é. Bí n kò sì ṣe lè pè é ní "ìwọ" lójú Bàámi, mo wá ọgbọ́n dá. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tí kò ní ẹni tí a ń bá wí nínú. Tí oúnjẹ bá délẹ̀, màá dúró sí ẹnu ọ̀nà, màá ní, "Oúnjẹ ti wà lórí tábìlì." Tí wọ́n bá rán mi sí i pé kó wá, màá wí fún afẹ́fẹ́ pé, "Wọ́n ń pe ẹnì kan ní ìta." Jùmọ̀kẹ́ yóò rọra dìde, yóò ní, "Mo ń bọ̀, Ṣadé, o ṣé." Ìwà jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn gan-an ló máa ń mú inú bí mi jù. Mo fẹ́ kó bá mi jà, kí n lè rí ẹjọ́ rò fún Bàámi.

Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí, lórí ilẹ̀ tí Màámi ti ń sọ tipẹ́ pé àwọn máa gbin ẹ̀fọ́ sí. Kò pẹ́ tí a fi mọ ohun tó ń ṣe é. Sítíárìn rẹ̀ dẹ̀. Bàámi fi hàn wá ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ayọ̀ ọmọdé tó gba nǹkan ìṣeré. Wọ́n ní kí Jùmọ̀kẹ́ jókòó níwájú kó di sítíárìn náà mú gírígírí, kó má jẹ́ kó yí rárá. Àwọn fúnra wọn lọ sẹ́yìn, wọ́n di ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n mì í sọ́tùn-ún, wọ́n mì í sósì, ó sì ń dún gbọ̀n-ọ́n, gbọ̀n-ọ́n, bí eyín tó fẹ́ yọ. "Ṣé o mọ̀ ọ́n lọ́wọ́?" Bàámi pariwo. "Rárá, Bàbá," Jùmọ̀kẹ́ dáhùn, "kò mì níbí rárá." Bàámi nu ọwọ́, wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ẹsẹ̀ yẹn ló ń darí ọkọ̀ lójú omi. Tí ẹni tó ń wà á bá yí ọwọ́ síbí, tí ẹsẹ̀ kò sì tètè gbọ́, ọkọ̀ lè yà wọ inú igi tàbí kó gbá ọkọ̀ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n wọn ti sọ ọ́ kó tó kú pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e sójú omi títí wọn ó fi tún un ṣe. Mo béèrè bóyá èmi náà lè di sítíárìn mú. "Lọ́la," ni Bàámi wí, wọ́n sì ti kọjú sí Jùmọ̀kẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu wọn tán.

Ọ̀la yẹn kò dé. Iṣẹ́ ẹni méjì ni iṣẹ́ náà, àwọn méjì sì ti pé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Bàámi bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọn yóò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọn yóò wọ ṣòkòtò àtijọ́ kan, Jùmọ̀kẹ́ yóò sì ti kó sípánà sílẹ̀ lórí pákó. Ó mọ èyí tó tóbi àti èyí tó kéré láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí inú ọkọ̀ ló dàgbà sí, bí mo ṣe dàgbà sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Èyí tó dùn mí jù ni èdè wọn. Nígbà tí wọ́n bá wà níbẹ̀, ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ ni wọ́n ń sọ, èdè kan tó yára bí omi tó ń ṣàn láàárín òkúta. Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, kí n pàdánù mẹ́ta. Mo gbọ́ "ọma mi" dáadáa, nítorí ó jọ "ọmọ mi". Bàámi, tí wọ́n lè jókòó ti èmi àti Màámi láti ìrọ̀lẹ́ títí di àkókò oorun kí wọ́n má sọ ju "ó dáa" lọ, ń rẹ́rìn-ín kèékèé lábẹ́ igi máńgòrò. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti ń wò wọ́n. Tí ẹ̀rín bá ti sọ níta, ẹsẹ̀ Màámi á le sí i lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ náà á sì máa ké tatata bí ẹni ń sáré lórí páànù.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mò ń jowú, ìyẹn sì tù mí lára. Èmi àti Màámi di ẹgbẹ́. Bí Jùmọ̀kẹ́ bá ro púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ àwọn ará etí omi, fún Bàámi pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù, tí Bàámi sì jẹ ẹ́ débi pé wọ́n ń fi ìka nu àwo, Màámi á wò mí, èmi náà á wo Màámi. Ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì tí wọ́n fi ọ̀sán gbogbo sè ṣì wà nínú ìkòkò, ẹnikẹ́ni ò ṣí i. "Ẹ jẹ́ n bù díẹ̀ síbẹ̀ fún yín," ni Màámi wí lọ́jọ́ kan. Bàámi ní, "Mo ti yó." Màámi bo ìkòkò padà. Wọn kò bínú sókè, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, wọ́n dúró ní fàráńdà, wọ́n na ohùn wọn kọjá ọkọ̀ náà títí dé ilé Alhájà:

"Bàbá Jùmọ̀kẹ́! Oúnjẹ yín ti ṣe tán o!"

Bàámi yọ orí jáde láti inú ọkọ̀ pẹ̀lú gíríìsì létí, wọ́n wo Màámi bí ẹni tí omi tútù dà lé lórí. Jùmọ̀kẹ́ tẹ orí ba. Màámi rò pé àwọn fi ọ̀rọ̀ náà gún ọkọ àwọn lára, ó sì gún wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ara tèmi ló wọ̀ jù. Mo wọ yàrá, mo dojú bolẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Ẹnu ẹni tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò lára bàbá mi.

Wáyà tó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ ni Bàámi kọ́kọ́ rò pé ó bà jẹ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi gíríìsì sí i, kò yí padà. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan létí omi pé kó fi tuntun ránṣẹ́, ó sì gba sùúrù kó tó dé Ìwó Road nínú ọkọ̀ èrò. Ọjọ́ tí wọ́n so tuntun náà tán, Jùmọ̀kẹ́ jó ijó kékeré kan nínú ọkọ̀. Bàámi lọ sẹ́yìn, wọ́n di ẹsẹ̀ náà mú. Gbọ̀n-ọ́n, gbọ̀n-ọ́n. Ó ṣì ń mì bó ṣe ń mì tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Bàámi jókòó sórí pákó, wọ́n gbé orí lé ọwọ́. Màámi ti ń wo gbogbo rẹ̀ láti fàráńdà, sùúrù wọn sì tán lọ́jọ́ náà.

"Bàbá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Bódìjà?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Kò lè ṣe kó máà sí nǹkan kan. Láti ìgbà tí nǹkan yìí ti dé, ẹ ò gbé nílé yìí mọ́. Oúnjẹ ilé yín lẹ fẹ́, èdè ilé yín lẹ ń sọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà sí ilé yín, ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀."

"Ilé wo? Ibí ni ilé mi."

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu. Ojú yín ò sọ bẹ́ẹ̀."

Bàámi nu gíríìsì ọwọ́ wọn mọ́ ṣòkòtò. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní ìwẹ̀. Nínú ọkọ̀ yìí ló ti gbé mi lọ síbi tí mo ti wọ mọ́tò wá sí Ìbàdàn nígbà àkọ́kọ́. Ó ti kú. Màmá ti kú. Kò sí ẹni tó kù níbẹ̀ tó ń retí mi." Wọ́n dìde, wọ́n fa tapólì bo ọkọ̀ náà, wọ́n so okùn rẹ̀ yípo, wọ́n sì wọlé lọ wẹ̀. Màámi nìkan ló kù síbẹ̀. Ó hàn pé wọ́n ti múra ìjà sílẹ̀, wọn kò sì rí ẹni bá jà.

Ó yẹ kí ìgbà náà jẹ́ ìgbà ọ̀tun fún mi. Ọwọ́ Bàámi ti ṣófo, abẹ́ igi máńgòrò ti dákẹ́. Mo gbé iṣẹ́ ilé ìwé mi tọ̀ wọ́n lọ, mo jókòó tì wọ́n, mo ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín níta. Wọ́n bá mi ṣe ìṣirò náà dáadáa, wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì tún ń wo ògiri. Jùmọ̀kẹ́ náà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Á fọ àwo, á gbálẹ̀, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ báàgì rẹ̀ tí kò fìgbà kan tú tán láti ọjọ́ tó dé. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ débi tí Alhájà na ọrùn láti orí ògiri béèrè bóyá ara gbogbo wa dá. Mo ti gba ohun tí mo fẹ́, kò sì dùn lẹ́nu.

Màámi ló tú okùn tapólì náà. Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, wọ́n ṣì ró ìró iṣẹ́ wọn, abẹ́rẹ́ onírù òwú pupa sì gún mọ́ àyà bùbá wọn. Wọ́n fa tapólì sílẹ̀, wọ́n gun àga, wọ́n fi ọlá Ọlọ́run wọ inú ọkọ̀ náà, wọ́n sì jókòó sídìí sítíárìn bí ẹni jókòó sí ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n wá ké sí gbogbo ilé.

"Ẹ jáde wá! Ẹ wá fi ohun tó ń ṣe é hàn mí. Mi ò lè máa jowú ohun tí mi ò mọ̀."

Bàámi jáde pẹ̀lú singílẹ́ẹ̀tì, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì rí i bí ojú wọn ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún Màámi láti ìbẹ̀rẹ̀. Sítíárìn ń fa wáyà. Wáyà ń ti apá irin kan nínú ikùn ọkọ̀. Apá yẹn ń yí ọ̀pá kan tó dúró lóòró, ọ̀pá sì wọ inú òrùka irin ńlá kan tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ dání níta. Ibì kan láàárín wọn ni agbára ti ń sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni méjì péré kò lè mọ ibi tó jẹ́, torí ibi tí apá àti ọ̀pá wà há gan-an lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, èjìká Jùmọ̀kẹ́ kò sì gba ibẹ̀. Màámi yíjú sí mi. "Ṣadé kéré." Bàámi náà wò mí, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mo wà. "Ó kéré lóòótọ́," ni wọ́n wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé mi, inú mi dùn pé mo kéré.

Wọ́n wọ ṣòkòtò fún mi, mo sì dojú bolẹ̀ wọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ gbóná, ó ń rùn gíríìsì àti omi iyọ̀ tó ti gbẹ. Jùmọ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì lókè mi, ó na tọ́ọ̀ṣì síbi tí ọwọ́ mi wà, irun orí wa sì ń fara kan ara wọn. Bàámi wà níta, wọ́n di ẹsẹ̀ mú. "Màmá Ṣadé, yí i díẹ̀!" Màámi yí sítíárìn. Apá irin náà rìn lábẹ́ ọwọ́ mi. "Ó dé ọ̀dọ̀ mi!" mo kígbe. "Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi," Bàámi dáhùn. Mo gbé ọwọ́ sókè sórí ọ̀pá. Màámi tún yí i. Ọ̀pá náà yí lábẹ́ ìka mi, ó rọra yí, bí ọrùn ẹni tó ń wẹ̀yìn. "Ọ̀pá ń yí!" "Ẹsẹ̀ ò yí!" Mo wá fi ìka kan sórí ọ̀pá, mo fi ìkejì sórí òrùka tó gbá a mú, mo sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ báyìí pé ọ̀kan ń lọ, èkejì dúró. Wọn kò di ara wọn mú mọ́. Mo pariwo ohun tí mo rí, Bàámi sì pariwo padà láti ìta, "Ibẹ̀ ni! Ọmọ mi, ibẹ̀ ni!" Mi ò gbàgbé ohùn yẹn títí di òní. Èdè Ìbàdàn ni wọ́n fi sọ ọ́, èmi ni wọ́n sì ń sọ ọ́ fún.

Ayọ̀ náà ló fa ohun tó tẹ̀ lé e. Màámi gbọ́ ariwo, wọ́n rò pé wọ́n ń ní kí àwọn tún yí i, wọ́n sì yí i tagbára tagbára. Ọwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ rí i kí èmi tó rí i. Ó ju tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ ibẹ̀, ó sì já tèmi kúrò. Apá irin náà pa ìka rẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Kò kígbe. Èmi ni mo kígbe. Kí wọ́n tó fà wá jáde, èékánná rẹ̀ ti dúdú, ẹ̀jẹ̀ sì ti kán sí ọrùn aṣọ mi. Màámi bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ láì wá àga, wọ́n gbá ọwọ́ náà mú. "Ọwọ́ mi ló ṣe é! Háà, ọwọ́ èmi fúnra mi!" Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Agbówó, wọ́n sì gbé e padà pẹ̀lú báńdéèjì funfun tó tóbi bí ẹyin.

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka mi ló gbà là. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Màámi ló ń tú báńdéèjì yẹn láràárọ̀. Wọn á fi ọwọ́ Jùmọ̀kẹ́ lé itan wọn, wọn á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ fọ̀ ọ́, wọn á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, fúù, fúù. Wọ́n dá a dúró lórí àwo fífọ̀, èmi ni mo wá ń fọ̀ ọ́. Èmi tí ìka mi pé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́, mò ń jowú egbò. Mo gbìyànjú láti fi ọ̀bẹ gé ìka mi díẹ̀ nígbà tí mò ń gé àlùbọ́sà. Màámi wò ó, wọ́n ní, "Lọ fi omi sí i." Ẹgbẹ́ tí èmi àti wọn dá sílẹ̀ ti tú ká.

Bàámi tú òrùka náà jáde. Eyín inú rẹ̀ tó yẹ kó gbá ọ̀pá mú ti jẹ tán, àwọn nọ́ọ̀tì tó fún un sì ti dẹ̀. Òrùka tuntun àti ọ̀pá tuntun ti etí omi dé nínú ọkọ̀ èrò. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún un, wọ́n pe èmi àti Jùmọ̀kẹ́ pọ̀, èmi di ọ̀pá mú, òun tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo ń na sípánà, Bàámi sì ń fún un títí iṣan ọrùn wọn fi yọ. Màámi jókòó sídìí sítíárìn, wọ́n dì í mú. Bàámi lọ sẹ́yìn, wọ́n mi ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Kò mì. Wọ́n tún mì í pẹ̀lú gbogbo ara, gbogbo ọkọ̀ náà ló mì lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́!" Màámi pariwo láti iwájú. "Bàbá Ṣadé, ó dé ọ̀dọ̀ mi!" Bàámi jókòó sílẹ̀ lórí ewé máńgòrò gbígbẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń nu ojú.

Nígbà ìsinmi ilé ìwé ni a fa ọkọ̀ náà lọ sí omi Aṣèjíre. Bàámi wà á fúnra wọn láti kọ́kọ́ dán an wò, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, ó ń gbọ́ bí ọmọ tí a kọ́. Wọ́n wá gbé gbogbo wa. Màámi kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé wọn. Wọ́n di etí àga mú, wọ́n pa ojú dé, ẹnu wọn ń lọ nínú àdúrà. Bàámi ní kí Jùmọ̀kẹ́ wá wa ọkọ̀. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ pè, síbẹ̀ ó dùn mí. Ìka rẹ̀ ti jinná, èékánná tuntun ti ń hù. Ó jókòó, ó gbé orí sókè, atẹ́gùn gba inú aṣọ rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì yí padà. Láti ọjọ́ tó ti dé Bódìjà, n kò rí i kó jókòó bí ẹni tó ni ibi tó jókòó sí. Ó ti ọwọ́ iná, èyí tó ń mú ọkọ̀ sáré, síwájú, ọkọ̀ náà fò, ó yí sítíárìn, ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ náà tẹ̀ sómi, omi sì já lu Màámi lójú.

"Jùmọ̀kẹ́! Ṣé orí ẹ pé? Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Rọra wa nǹkan yìí, kí n má dìde wá fọ́ etí ẹ o! Ọmọ burúkú!"

Ohùn náà ni, ohùn tí ń dé ilé kejì, ohùn tí wọ́n fi ń bá mi wí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Wọn kò lò ó fún Jùmọ̀kẹ́ rí. Láti ìgbà tó ti wọlé, "Jùmọ̀kẹ́, jọ̀ọ́, bá mi gbé eléyìí," ni wọ́n ń sọ, bí a ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo ń retí kó fà ro. Ó dín iná kù. Ẹ̀rín ló kún gbogbo ojú rẹ̀, omi sì wà nínú ẹyinjú rẹ̀, kì í ṣe omi Aṣèjíre.

"Ẹ má bínú, Màmá," ló wí.

Kò sọ pé Màmá Ṣadé, bó ṣe máa ń pè wọ́n. Màmá lásán ni. Mo dúró kí Màámi tún un ṣe fún un.

"Mo ti gbọ́," Màámi dáhùn. "Wo iwájú ẹ."

N kò mọ orúkọ tí mo lè fún ohun tó gba inú mi kọjá nígbà yẹn, àfi owú, owú tó tóbi ju gbogbo èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi, ibi ìjókòó mi, ipò mi, ó ti gba gbogbo rẹ̀, ó sì ti wá gba ìbáwí màmá mi pàápàá. Mo dìde nínú ọkọ̀ tó ń mì náà. Bàámi ní kí n jókòó, mi ò gbọ́. Mo di èjìká Màámi mú, mo di etí ọkọ̀ mú, mo rìn títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, mo wá a tì, ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹni nínú, ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ń yẹra fún un láti ìgbà tó ti dé. Atẹ́gùn pọ̀ jù. Ó ní láti mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí.

"Àǹtí Jùmọ̀kẹ́," mo pariwo, "ẹ sún! Ó kàn mí!"

Ó wò mí, ó sì sún, ṣùgbọ́n kò fi sítíárìn náà sílẹ̀ pátápátá.